Kíkó Ọmọ Ènìyàn Ṣòwò: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀, Bí A Ṣe Ń Bọ́ Níbẹ̀ Àti Bí A Ṣe Ń Yọ Ẹlòmíràn

  

Ẹni tó bá ń gbé ní Festac Town, Amúwó-Ọ̀dọ̀fin, Agbójú tàbí Satellite Town mọ̀ pé ọ̀nà Èkó sí Badagry tó gba iwájú Trade Fair kọjá kì í sùn. Tọ̀sán-tòru ni ọkọ̀ ń ti Mile 2 lọ sí bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ bọ̀. Láti ọdún 1977 tí wọ́n ti ṣí gbàgede ìpàtẹ ọjà náà, tí wọ́n sì ṣe àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ Festac, ni àdúgbò yìí ti di oríta tí ayé ń pàdé. Ọjà halal ni púpọ̀ nínú ohun tó ń gba ọ̀nà náà kọjá. Ṣùgbọ́n òwò kan wà tí wọn kì í pàtẹ, tí kì í ní rìsíìtì: òwò ọmọ ènìyàn.

A kọ àlàyé yìí fún ìyá tí wọ́n wá bá pé kí ó fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ní Òmánì, fún bàbá tó fẹ́ gba ọmọ ọ̀dọ̀ láti Kútọnu, fún ìmáàmù tí wọ́n gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá bá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àti fún ẹni tó ń kà á níbi tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Kí ni à ń pè ní kíkó ènìyàn ṣòwò?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àfi tí wọ́n bá fi aṣọ bo ènìyàn lójú, tí wọ́n sì gbé e sá lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni ti gbọ́mọgbọ́mọ. Ẹni tó ń kó ènìyàn ṣòwò sábà máa ń jẹ́ ẹni tí a mọ̀: ẹbí ìyá, ará àdúgbò, ọ̀rẹ́ ilé ìwé, tàbí ẹni tí a jọ ń lọ sí àsàlátù. Ẹ̀rín ló fi ń mú ènìyàn, kì í ṣe ìbọn.

Ìlànà tí ayé ń lò ni àdéhùn Palermo tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní ọdún 2000, tí Nàìjíríà sì gbà wọlé ní ọdún 2001. Nǹkan mẹ́ta ni àdéhùn náà ń wò. Àkọ́kọ́ ni ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n wá ènìyàn, wọ́n gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn, wọ́n fi í pamọ́, tàbí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èkejì ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é: irọ́, ìhàlẹ̀, ipá, owó tí wọ́n fún alágbàtọ́, tàbí kí wọ́n fi àìní ẹni náà mú un. Ẹ̀kẹta ni ìdí tí wọ́n fi ṣe é: láti jẹ lára rẹ̀, yálà nípa iṣẹ́ aṣẹ́wó, iṣẹ́ àṣelàágùn láìgbowó, agbe ṣíṣe, ìsìnrú tàbí yíyọ ẹ̀yà ara.

Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, kíkó ènìyàn ṣòwò ni, bí ẹni náà tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ní ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ohun kejì yẹn kò pọn dandan. Bí wọ́n bá ti gbé e láti lọ jẹ lára rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ti dé nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ọmọ náà gbà, ì báà jẹ́ pé àwọn òbí rẹ̀ ló fi owó ọkọ̀ lé e lọ́wọ́.

Ó yàtọ̀ sí kí ènìyàn sanwó fún ẹni tó máa mú un gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá bọ́dà. Ìyẹn náà lòdì sí òfin, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọdá, olúkúlùkù á máa bá tirẹ̀ lọ. Ní ti òwò ènìyàn, ìgbà tí wọ́n bá sọdá tán gan-an ni ìyà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́ ló ń parí sí ti èkejì, pàápàá ní aginjù Líbíyà.

Òwò tí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀nà yìí

Ẹni tó bá ti Trade Fair kọrí sí ìwọ̀-oòrùn á dé Badagry, níbi tí wọ́n ti kó àìmọye ọmọ Yorùbá, ọmọ Ẹ̀gùn àti àwọn mìíràn sọdá òkun. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1852 ni Ọba Akítóyè àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé pé òwò ẹrú parí ní Èkó.

Àwa Mùsùlùmí Èkó ní ìdí pàtàkì láti rántí ìtàn yìí. Mohammed Shitta Bey, ẹni tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894, ọmọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ òwò ẹrú ni. Sierra Leone ni wọ́n bí i sí, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun lọ. Ọdún 1844 ni ẹbí rẹ̀ padà wálé, Badagry ni wọ́n sì kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí. Ẹ wò ó: ẹbí tí òwò ẹrú tú ká gba ẹnu ọ̀nà yẹn kan náà wọlé padà, owó tí ọmọ wọn sì rí nídìí káràkátà di ilé Ọlọ́hun tí a ṣì ń kírun nínú rẹ̀ títí di òní.

Ṣùgbọ́n òwò náà kàn pa aṣọ dà ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, gbogbo ayé gbọ́ nípa ọkọ̀ ojú omi Etireno tó gbéra láti Kútọnu, tí Gabon kọ̀ kó gúnlẹ̀, tó sì kó àwọn ọmọdé tí wọ́n fẹ́ kó lọ ṣiṣẹ́ padà sí Kútọnu. Ní ọdún 2003, wọ́n kó ọmọdé tó lé ní 100 jáde níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta. Ọmọ ilẹ̀ Benin ni wọ́n, wọ́n sì dá wọn padà sọ́dọ̀ àwọn òbí wọn. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí Nàìjíríà àti Benin jọ fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 2005 láti jọ gbógun ti òwò náà.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn: kì í ṣe pé wọ́n ń kó ọmọ wa lọ nìkan, àwa náà ń ra ọmọ ọlọ́mọ.

Òfin, àti obìnrin tó jà fún un

Kí ó tó di ọdún 2003, Nàìjíríà kò ní òfin kan pàtó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Hajia Àmínà Títí Àtíkù Abubakar, ọmọ Iléṣà tó jẹ́ ìyàwó igbákejì ààrẹ nígbà náà, ló ṣe kòkárí rẹ̀. Nígbà tó ń kàwé ní Ítálì, ó rí àwọn ọmọbìnrin wa lójú títì níbẹ̀. Ní ọdún 1999 ó dá ẹgbẹ́ WOTCLEF sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì gbé àbá òfin lọ sí ilé aṣòfin. Ní oṣù keje ọdún 2003, Ààrẹ Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí i. Òfin yìí ló bí àjọ NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní ọdún 2015, òun ni à ń lò lọ́wọ́ báyìí.

Ohun mẹ́ta nínú òfin 2015 ló yẹ kí gbogbo ilé mọ̀:

1. Ẹni tó bá kó ènìyàn ṣòwò kò lè gba ẹ̀wọ̀n tó dín ní ọdún 2, á sì tún san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦250,000. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ọmọdé tàbí aṣẹ́wó, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ á ju bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí tó bá a wá ọmọ bẹ́ẹ̀, tàbí tó gbé e wá, lè lọ sí ẹ̀wọ̀n láti oṣù 6 sí ọdún 7. Kò sí pé "ìyá ọmọ náà ló bẹ̀ mí".

3. Ẹni tí wọ́n kó ṣòwò kì í ṣe ọ̀daràn. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi ohun tí wọ́n fi ipá mú un ṣe, tàbí ìwé ìrìnnà ayédèrú tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, fi í sí àtìmọ́lé. Àìmọ èyí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ máa sá fún àwọn tó yẹ kó gbà wọ́n.

Ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n ń gbà mú ará wa

*Ọmọ ọ̀dọ̀ àti ọmọ ṣọ́ọ̀bù.* Alágbàtà á kó ọmọ láti abúlé, tàbí láti Benin àti Togo, á pín wọn sí ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń gba owó oṣù wọn. Ọmọ kò mọ iye tó jẹ́, kò sí ilé ìwé, kò sì mọ ọ̀nà ilé. Àwọn baba wa máa ń gba ọmọ tọ́, ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ọmọ tọ́ á mú un lọ ilé ìwé pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀, á sì jẹ́ kí òbí rẹ̀ máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ọmọ tìrẹ bá ń wọ yunifọ́ọ̀mù, tí ọmọ ọlọ́mọ sì ń kiri omi láàárín ọkọ̀ ní àkókò kan náà, kì í ṣe àgbàtọ́ mọ́.

*Iṣẹ́ ní ilẹ̀ Lárúbáwá.* Èyí ló kan àwa Mùsùlùmí jù, nítorí ẹ̀sìn ni wọ́n fi ń tan wá. Ajẹ́ntì á ní: "Ìlú Mùsùlùmí ni, híjáàbù rẹ kò ní í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, o tún lè ṣe úmúrà." Bí ọmọbìnrin bá dé ọ̀hún, wọ́n á gba pásípọ́ọ̀tù àti fóònù rẹ̀. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní kàfáálà ló so ìwé ìgbélùú rẹ̀ mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, bí ó bá fi ilé náà sílẹ̀ láìgbàṣẹ, ọ̀gá lè lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó sá lọ, òun ni wọ́n á sì mú.

Ẹni tó bá gbọ́ èdè Lárúbáwá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ búburú. Kàfáálà ni kí ènìyàn gba ẹlòmíràn sábẹ́ ààbò. Irú rẹ̀ ni Al-Kùránì lò nínú Súrátù Áál-Ìmúráná nígbà tí ó sọ pé Ànábì Sakariyáà ló gba ìtọ́jú Màríámù, irú rẹ̀ náà sì ni Ànábì wa pe ẹni tó ń tọ́ ọmọ òrukàn. Ẹni tó gba pásípọ́ọ̀tù ènìyàn tó sì jẹ owó iṣẹ́ rẹ̀ kàn fi orúkọ rere bo ìwà burúkú mọ́lẹ̀ ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ọmọbìnrin kan láti Ìpínlẹ̀ Kwara ké gbàjarè nínú fídíò láti Lẹ́bánónì. Ìjọba Kwara, àjọ tó ń rí sí àwọn ọmọ Nàìjíríà lókè òkun àti ilé iṣẹ́ aṣojú wa dìde, ó sì padà wálé. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé àwòrán obìnrin Nàìjíríà kan sí ojú ewé káràkátà lórí Facebook, ó sì pe iye rẹ̀ ní 1,000 dọ́là. Àwọn agbófinró ibẹ̀ mú un. Ọdún 2020 ni mo ń sọ o, kì í ṣe ayé àwọn baba ńlá wa.

*Òkè òkun tàbí Mali.* Wọ́n á ní iṣẹ́ irun dídì, iṣẹ́ ilé oúnjẹ tàbí ìtọ́jú àgbàlagbà wà ní Ítálì. Ọ̀nà aginjù ni wọ́n ń gbà, Líbíyà sì ni ọ̀pọ̀ ń há sí. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnkèrindò, IOM, sọ pé àwọn obìnrin Nàìjíríà tó gba ojú òkun dé Ítálì fò láti 1,454 ní ọdún 2014 sí nǹkan bí 11,000 ní ọdún 2016, ó sì fojú bù ú pé bí 80 nínú 100 wọn ló ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ẹni tí wọ́n kó lọ fi ṣe aṣẹ́wó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ọ̀gá àgbà NAPTIP nígbà náà, Julie Okah-Donli, sọ pé àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n wà nínú ìsìnrú bẹ́ẹ̀ ní Mali tó 20,000. Ẹni tó ń lọ sí Mali kò nílò físà. Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ tó wà níwájú wa yìí lè gbé e débẹ̀.

*Ní orúkọ ilé kéwú.* Ó yẹ kí á sọ òótọ́ ilé ara wa. Àwọn kan ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí pé àwọn fẹ́ kọ́ ọ ní Al-Kùránì, bí wọ́n bá sì dé ìlú ńlá, igbá agbe ni wọ́n á gbé lé e lọ́wọ́, wọ́n á sì pe iye tó gbọ́dọ̀ mú wálé. Senegal, tí ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, ṣe òfin ní ọdún 2005 tó sọ kíkó ènìyàn ṣòwò àti fífi ọmọ ṣe agbe di ẹ̀ṣẹ̀. Wọn kò bá kéwú jà, ìyà ọmọ ni wọ́n bá jà. Àáfà tó bá ń kọ́ni lóòótọ́ kì í bínú bí òbí bá wá wo ibi tí ọmọ ń sùn.

Àmì tí ó yẹ kí a fura sí

Kí iṣẹ́ tó bọ́ sí i: ajẹ́ntì ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, òun ló ń san gbogbo owó ìrìn àjò, ẹ ó sì máa san án padà díẹ̀díẹ̀, kò sí ìwé àdéhùn, tàbí ó wà ní èdè tí ẹ kò gbọ́, físà ìbẹ̀wò ni wọ́n gbà fún ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí ọmọ pa ọjọ́ orí tàbí orúkọ rẹ̀ dà, wọ́n fẹ́ kí ó búra. Ajẹ́ntì tó ń mú ènìyàn lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ ní kí ó mú un jáde, kí ẹ sì lọ bèèrè bóyá òótọ́ ni.

Ní àdúgbò: ọmọ tí kì í jáde àfi tó bá ń ṣiṣẹ́, tó ń wo ojú ẹlòmíràn kí ó tó dáhùn, tí kò mọ àdírẹ́sì ibi tó ń gbé, tí ara rẹ̀ ní àpá, tí ẹlòmíràn ń gba owó rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dà bí ohun tí wọ́n kọ́ ọ sórí. Àmì kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Bí wọ́n bá pọ̀, ó tó ohun tí a ń pe àwọn aláṣẹ sí.

Ìbúra àti gbèsè tí wọ́n fi ń dè wọ́n

Ọ̀pọ̀ ni kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Ìbúra ló dè wọ́n. Wọ́n á gé irun àti èékánná ọmọbìnrin, wọ́n á ní bí ó bá sá, á ya wèrè tàbí ìyá rẹ̀ á kú. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi Al-Kùránì búra fún ọmọ Mùsùlùmí. Ìdí nìyí tí Ọba Ewúàrẹ́ Kejì ti Ìbíní fi kó àwọn babaláwo ìlú rẹ̀ jọ ní oṣù kẹta ọdún 2018, tó sì kéde pé gbogbo irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ti di òfo. Àwọn obìnrin kan tó wà ní òkè òkun ni ìkéde náà tú sílẹ̀ lọ́kàn.

Kí ni ẹ̀sìn wa sọ? Ìbúra ní ojúbọ kò ní agbára kankan lórí Mùsùlùmí. Ìtúúbá ló kàn, kì í ṣe pé kí ó mú un ṣẹ. Ìbúra tí wọ́n fi ipá gbà lẹ́nu ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímímọ̀ ló sọ pé kò dè é. Ìbúra láti dẹ́ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀ ni láti mú un ṣẹ. Ànábì kọ́ wa pé ẹni tó bá búra, tó sì wá rí i pé ohun mìíràn ló dára jù, kí ó ṣe èyí tó dára, kí ó sì san ìtánràn ìbúra rẹ̀. Ìtánràn náà wà nínú Súrátùl Máídà, áyà 89: kí ó bọ́ tálákà mẹ́wàá, tàbí kí ó wọ̀ wọ́n láṣọ, tàbí kí ó tú ẹrú sílẹ̀, ẹni tí kò bá lágbára, kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó sá kúrò níbẹ̀ ná, kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Gbèsè náà ńkọ́? Owó tí wọ́n fi irọ́ gbé lé ènìyàn lórí, tí wọ́n sì ní kí ó fi ara rẹ̀ san, kì í ṣe gbèsè. Súrátùn Núúrì, áyà 33, kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi ipá mú obìnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe aṣẹ́wó nítorí owó, ó sì sọ pé àánú àti àforíjìn Ọlọ́hun ń bẹ fún àwọn tí wọ́n fi ipá mú. Bùhárì gbà á wá pé Ọlọ́hun sọ pé Òun fúnra Rẹ̀ ni yóò bá ẹni mẹ́ta ṣe ẹjọ́ ní Ọjọ́ Àjíǹde. Ẹni tó ta ọmọlúwàbí tó sì jẹ owó rẹ̀ wà nínú wọn. Ẹni tó gba òṣìṣẹ́, tó gba iṣẹ́ rẹ̀ pé, tí kò sì sanwó fún un náà wà nínú wọn. Ajẹ́ntì ni àkọ́kọ́, ọ̀gá ni èkejì.

Bí ìwọ bá wà nínú rẹ̀

Má ṣe sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ fún ẹni tó dè ọ́ mọ́lẹ̀ tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Há nọ́ńbà fóònù ẹni méjì sórí, nítorí bébà ṣeé gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Kíyè sí ohun tí wọ́n lè fi mọ ibi tí o wà: orúkọ mọ́ṣáláṣí tó ń pe ìrun nítòsí, nọ́ńbà ilé, orúkọ ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Bí o bá rí fóònù fún ìṣẹ́jú kan, ibi tí o wà ni kí o kọ́kọ́ sọ, kí o tó ròyìn ìyà.

Bí o bá wà ní Nàìjíríà, pe 627, nọ́ńbà kúkurú NAPTIP. Ní Èkó, 112 náà wà fún pàjáwìrì. Bí o bá wà lókè òkun, ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ni kí o forí lé, tàbí ọ́fíìsì IOM. Bí wọ́n bá ti gba pásípọ́ọ̀tù rẹ, ilé iṣẹ́ aṣojú lè fún ọ ní ìwé tí o máa fi wálé. Àìsí pásípọ́ọ̀tù kì í ṣe ìdí láti dúró sínú ìyà.

Bí o bá fẹ́ yọ ẹlòmíràn

Má ṣe kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lọ ya wọ ilé náà. Wọ́n lè ti kó ọmọ náà gba ẹ̀yìnkùlé lọ kí ẹ tó dé, ẹ̀rí á sì pòórá. Má ṣe san owó láti "rà á padà". Owó yẹn ni wọ́n á fi lọ mú ẹlòmíràn. Kọ ohun tí o rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò rẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ tí o rí, kí o sì pe 627. Tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ àti ohùn WhatsApp ajẹ́ntì, ẹ̀rí ni wọ́n ní kóòtù. Má ṣe gbé àwòrán ọmọ náà sí orí ìkànnì. Ojú ọmọ kò ní í kúrò níbẹ̀ mọ́, nígbà tí ìyà bá ti tán.

Ní mọ́ṣáláṣí, kí ìmáàmù yan obìnrin kan tó ṣeé fọkàn tán, tí àwọn obìnrin lè bá sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ FOMWAN, tí àwọn obìnrin Mùsùlùmí Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, ti gbilẹ̀ káàkiri. Irú iṣẹ́ yìí tọ́ sí wọn.

Àwọn tó bọ́, tí wọ́n sì padà wá nawọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì nínú ìtàn ẹ̀sìn wa. Àwọn ẹ̀gbọ́n Ànábì Yúsúfù ló jù ú sí kànga, àwọn arìnrìn-àjò rí i, wọ́n tà á ní owó táṣẹ́rẹ́. Ẹni tí wọ́n tà yẹn ló padà fi ọgbọ́n bọ́ gbogbo ìlú nígbà ìyàn, pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n náà. Saedu ọmọ Hárísà, sàhábé kan ṣoṣo tí Al-Kùránì dá orúkọ rẹ̀, ọmọdé ni nígbà tí wọ́n jí i gbé, tí wọ́n sì tà á lọ́jà. Ànábì wa ló dá a sílẹ̀, tó sì sọ ọ́ di olórí ogun.

Ní ayé tiwa, ẹ wo Mo Farah, Mùsùlùmí tó gba góòlù mẹ́rin nínú eré sísá Òlíḿpíìkì fún Britain ní ọdún 2012 àti 2016. Ní oṣù keje ọdún 2022, ó sọ fún ayé pé Hussein Abdi Kahin ni orúkọ òun gan-an. Ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí obìnrin kan mú un láti Djibouti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní obìnrin náà ya bébà tí àdírẹ́sì àwọn ẹbí òun wà nínú rẹ̀ lójú òun, ó sì sọ òun di ọmọ ọ̀dọ̀. Olùkọ́ eré ìdárayá ilé ìwé rẹ̀, Alan Watkinson, ló kíyè sí i, òun ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún, ibẹ̀ ni ìtúsílẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2023, IOM sọ ọ́ di aṣojú rere rẹ̀ fún gbogbo àgbáyé. Olùkọ́ kan ṣoṣo tó la ojú sílẹ̀ ló yí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Blessing Okoedion láti Ìpínlẹ̀ Edo, ẹni tó kàwé nípa kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2013 wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ fún un ní Ítálì, ó dé ibẹ̀, títì ni wọ́n ní kó lọ dúró sí. Kò dúró. Ó sá lọ bá ọlọ́pàá, wọ́n sì mú un lọ sí ilé ààbò ní Caserta. Láti ìgbà náà, ó ń bá àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà mìíràn ṣe ògbufọ̀, ó ń gbà wọ́n níyànjú, ó sì kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà. Amẹ́ríkà dá a lọ́lá fún iṣẹ́ yìí ní ọdún 2018.

Nígbà tó bá padà dé ilé

Ibi yìí ni a ti ń kùnà jù. Ọmọ á dé, àwọn ará ilé á bèèrè: "Owó dà?" Àwọn aládùúgbò á máa sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nípa ìwà rẹ̀. Ẹni tí ilé bá lé, ajẹ́ntì kan náà ló máa ń padà lọ bá. Ẹ má ṣe fi agbára mú un sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí ó sinmi, ẹ kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yẹ ìgbéyàwó rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n fi ipá ṣe fún un.

Sàká wà fún èyí. Nínú ẹni mẹ́jọ tí Súrátù Táúbà, áyà 60, pín in fún, tálákà wà níbẹ̀, ìtúsílẹ̀ ẹrú wà níbẹ̀, onígbèsè wà níbẹ̀, arìnrìn-àjò tí ọ̀nà há mọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó padà láti Líbíyà tàbí Lẹ́bánónì lọ́wọ́ òfo lè wọ orúkọ tó ju ẹyọ kan lọ nínú wọn. Ẹ̀yin oníṣòwò Trade Fair tí ẹ ń yọ sàká lọ́dọọdún, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àáfà yín bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ládùúgbò. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan tàbí owó ìkọ́ṣẹ́ ọdún kan lè jẹ́ ohun tí kò ní í jẹ́ kí ó gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Súrátùl Bálàdì pe títú ọrùn ẹrú sílẹ̀ ní òkè tó ṣòro gùn. Ó ṣòro lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó lọ sí òkè náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé tìrẹ: bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá wà níbẹ̀, pè é lónìí, bi í léèrè orúkọ ìyá rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ó bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Kí Ọlọ́hun tú gbogbo ẹni tó wà nínú ìdè sílẹ̀, kí Ó dá àwọn ọmọ wa tó wà lọ́nà jíjìn padà ní àlàáfíà, kí Ó má sì jẹ́ kí oúnjẹ wa ti inú ìnira ọmọ ẹlòmíràn wá. Àmín.